Etí Kékeré Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kíbọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń jáde lójú kọ̀ǹpútà.

Juwairiyyah kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ó wo kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń tò lọ bí èèrà. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ti lọ kírun, ó ti fa ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ dé ìdajì, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé ìtajà náà àfi òun àti àwọn páálí ẹrù tí wọ́n tò kan àjà.

Ohun tó yọ náà kì í ṣe èdè tó gbọ́ rí. "Sqn6P2dro," bẹ́ẹ̀ ló rí i.  Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyyu, èyí tó ti há sórí láti kékeré ní ilé-kéwú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kó kà á já. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣìnà, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ fún un lórí fóònù pé inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni àwọn àlùjọ̀nnú ayé òde òní ń gbé, òun a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá a sá jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ bí kíbọ́ọ̀dù ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2006 tí mò ń wí, Alaaji Mouritala, bàbá Juwairiyyah, ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn ohun èlò rẹ̀ ní Marcory, ní ìlú Abidjan. Ẹrù kan dé fún un láti Dubai: páálí tó kún fún kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà. Àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n yọ ṣùtì sí i. "Alaaji, ṣé eku ló gé wáyà rẹ̀ jẹ ni?" Alaaji kì í bínú. Á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á gbé kíbọ́ọ̀dù lé itan, á tẹ orúkọ oníbàárà náà, orúkọ á sì máa yọ lójú kọ̀ǹpútà tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ á panu mọ́.

"Bíi rédíò ni," Alaaji á wí. "Àwọn kan jókòó sí ilé-iṣẹ́ rédíò, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìwọ wà ní ilé rẹ, ò ń gbọ́. Ṣé wáyà ló so yín pọ̀? Bí o bá tẹ A, kíbọ́ọ̀dù á ké A sínú afẹ́fẹ́. Etí tó ń gbọ́ ọ nìyí." Á wá nawọ́ sí nǹkan kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. "Etí yìí á gbọ́ A, á sọ fún kọ̀ǹpútà. Bátìrì méjì péré ló ń jẹ. Ọmọ kékeré kò ní fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà, orí tábìlì rẹ á mọ́, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Bí ẹnìkan bá béèrè pé ṣé ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ohun tó ń ké, Alaaji á rẹ́rìn-ín. "Kò lè rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní kúrò ní yàrá rẹ." Kò purọ́ o, ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á ni Monsieur François, tíṣà tó ń kọ́ Juwairiyyah ní ìtàn àti jọ́gíráfì. Ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ń gbé. Ògiri kan ló pààlà láàárín yàrá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù Alaaji. Ará Porto-Novo ni bàbá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló máa ń yára bọ́ sí i lẹ́nu. Takisí aláwọ̀ ọsàn kan ló gbá a, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Kò lè jókòó sí tábìlì, kò sì fẹ́ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ìpele kìíní ilé-ìwé girama, ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Juwairiyyah fúnra rẹ̀ ló gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ fún un, lẹ́yìn tó ti fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù dán an wò. Bọ́tìnnì kékeré kan wà ní ikùn rẹ̀ tí wọ́n lè tì sí ojú kìíní tàbí ojú kejì, kí kíbọ́ọ̀dù méjì tó bá wà nítòsí ara wọn má baà máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Ti ṣọ́ọ̀bù wà ní ojú kìíní. Ti tíṣà náà wà ní ojú kìíní, Juwairiyyah kò sì rántí yí i padà.

"Ọmọ Alaaji, merci," ni Monsieur François wí láti orí ibùsùn. "O ti yọ mí."

Anita, ọ̀dọ́bìnrin tó ń dáná tó sì ń fọṣọ fún un, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo bí lẹ́tà ṣe ń fò láti orí ibùsùn lọ sójú kọ̀ǹpútà. Anita kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹnu yà á ju gbogbo wọn lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Jímọ̀ wa. Juwairiyyah fi ẹ̀rù wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, Èkó ni wọ́n ti rà á. Bí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń to lẹ́tà ló mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó ń bá a sọ̀rọ̀ yìí, ti Faransé ni. Ibi tí àwọn kan fi A sí, ibẹ̀ ni àwọn kejì fi Q sí; 6 ti ìhín ni àmì ìsopọ̀ ti ọ̀hún, 2 sì ni é. Ó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ọkàn rẹ̀, orúkọ ìlú San-Pédro sì yọ sí i kedere. Ó ka ìlà tó wà lókè: BEPC blanc. Ìbéèrè kìíní, sọ ìwúlò èbúté San-Pédro.

Ẹ̀rù àlùjọ̀nnú kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rù tó jù ú lọ wọlé. BEPC blanc ni ìdánwò àfidánrawò tí wọ́n máa ń ṣe ṣáájú BEPC gangan. Ní ilé-ìwé wọn, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó jí ìbéèrè rẹ̀ wò kò ní jókòó ṣe ti gidi lọ́dún náà. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó di etí kékeré náà mú. Kó ṣáà fà á yọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìgbà náà ni Kadidja tẹ̀ba gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ó ní kí àwọn jọ kàwé.

"Kí ló dé tí o di ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mú?" Kadidja bi í títí ó fi sọ. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì di ọrùn ọwọ́ Juwairiyyah mú. "Má fà á yọ. Ṣé orí rẹ pé?"

"Ti Monsieur François ni. Olè nìyẹn."

"Ta ni olè? Ilé ta lo fọ́? O jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ wá bá ọ. Y a fohi, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀." Ó ti ń mú bírò jáde. "Orí ló bá wa ṣe é. Ṣé oore tí orí rẹ ṣe fún ọ lo fẹ́ kọ̀?"

Ọ̀rọ̀ orí yẹn ló mú un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Juwairiyyah kò mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀, ó sì yọwọ́ kúrò lára etí kékeré náà. Wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀ títí wọ́n fi gbúròó Alaaji tó ń kí àwọn aládùúgbò bọ̀ láti mọ́sálásí, wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá pe orúkọ rẹ̀ lásán, á ta gìrì. Bí ó bá pàdé Anita tó ń lọ ra ọṣẹ, tí Anita sì kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń há ìdáhùn sórí, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbé òkúta mì ni. Kadidja ní tirẹ̀ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń jí.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọn kì í kọ orúkọ sí ìwé ìdáhùn. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ, kí ẹni tó ń máàkì má baà mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n pín ìbéèrè, Juwairiyyah sì yára gba tirẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ èbúté nínú ìbéèrè kìíní, kò kà á dópin. Ó da gbogbo ohun tó ti há sórí nípa San-Pédro sílẹ̀, àti kòkó, àti igi gẹdú, àti ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ló tó mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti Kadidja ń ti ilé-ìwé bọ̀ nígbà tí wọ́n rí Anita tó jókòó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù aṣọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ohùn Monsieur François ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì dúró síta láti gbọ́.

"Alaaji, ìwé méjì ló dáhùn San-Pédro. Ìbéèrè yẹn kò jáde kúrò ní yàrá mi rí. Mo kọ ọ́, mo rántí pé mi ò tíì kọ́ wọn níbẹ̀, mo fi eku kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Eku yẹn náà ni mo fi fa ìbéèrè àtijọ́ kan lórí èbúté Abidjan wá sí ipò rẹ̀. Mi ò tẹ lẹ́tà kan. Ta ló rí ohun tí mo pa rẹ́? Ẹni kan ṣoṣo ló ń wọ yàrá mi."

"Ṣé Anita mọ̀wé ni?" Alaaji béèrè.

"Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó mọ̀wé nígbà tí mo bá sùn. Lọ́la, le directeur, ọ̀gá ilé-ìwé wa, á tú nọ́ńbà yẹn, a ó mọ àwọn ọmọ náà. Anita ní tirẹ̀, kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ni mò ń mú un lọ. Takisí ni mò ń dúró dè."

 Ọ̀rọ̀ náà yé Juwairiyyah lójijì. Etí kékeré náà, ohun tí kíbọ́ọ̀dù bá ké nìkan ló ń gbọ́. Eku tíṣà ní wáyà tirẹ̀, kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí wọn kò bi í ló dáhùn.

Kadidja fà á sí kọ̀rọ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Gbọ́. Bí wọ́n bá tú nọ́ńbà lọ́la, a máa sọ pé Anita ló fún wa. Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló máa gba tirẹ̀ gbọ́?"

"Kadi, wọ́n á tì í mọ́lé."

"Àwa ńkọ́? Ṣé o fẹ́ pàdánù BEPC ni? Bàbá rẹ tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹni tó lè gbọ́ kíbọ́ọ̀dù òun, tí wọ́n bá wá dá gbogbo rẹ̀ padà fún un ńkọ́?"

Ibi tó ń dùn ún gan-an ni Kadidja fọwọ́ kàn. Ó rí bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.  Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Irọ́ náà di ọ̀la.

Takisí dé, ó fun fèrè. Anita dìde bí wọ́n ṣe ní kó dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ra. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ojú Juwairiyyah.

"Petite sœur, àbúrò mi," ló wí, "bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìwọ mọ̀ mí."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Alaaji fẹ́ràn òwe yẹn, ojoojúmọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì fi ìgbà kankan kà á sí títí di ìṣẹ́jú yẹn. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ láàárín bàbá rẹ̀ àti tíṣà rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Ẹ má gbé Anita lọ. Èmi ni mo rí ìbéèrè náà." Ó wo ẹ̀yìn láti wá Kadidja. Kadidja ti lọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alaaji mi orí. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri wà láàárín. Mo ti ta nǹkan yìí fún ènìyàn púpọ̀."

"C'est pas possible, kò ṣeé ṣe," Monsieur François náà wí. Ó wo Juwairiyyah sùn-ùn. "Ṣé Anita ló ní kí o wá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ lọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yín, sà. Ẹ tẹ ohunkóhun tó bá wù yín. Ẹ má sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀."

Tíṣà fi igi tó fi ń rìn tilẹ̀ jáde, ó yí ilé po lọ sí yàrá rẹ̀. Alaaji sọ fún onítakisí pé kó dúró díẹ̀. Ó pe Anita wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró síwájú kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà náà funfun báláú. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Kò sí nǹkan kan. Juwairiyyah fọwọ́ kan etí kékeré náà wò. Bóyá bátìrì ti kú. Bóyá ẹnìkan ti yí bọ́tìnnì náà sí ojú kejì. Wọ́n á ní ó purọ́, takisí á sì gbé Anita lọ. Kò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tó rò pé àlùjọ̀nnú ni, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

P kan yọ.

Lẹ́tà mìíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òmíràn. Alaaji fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. "Pqrdon Qnitq," ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kí ló wí?" Ohùn Alaaji ti lọ sílẹ̀.

"Q yẹn, A ni ká kà á sí," Juwairiyyah dáhùn. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ní, 'Pardon, Anita.'"

Anita sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ibo ni orúkọ mi wà níbẹ̀?" Juwairiyyah fi ìka hàn án. Anita fi ìka tirẹ̀ tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú nọ́ńbà. Orúkọ Kadidja jáde. Ó ní irọ́ ni, wọn kò gbà á gbọ́. Monsieur François bẹ̀bẹ̀ fún Juwairiyyah nítorí pé ó jẹ́wọ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n le directeur ní òfin kò mọ ọmọ ẹnìkan. Àwọn méjèèjì kò jókòó ṣe BEPC lọ́dún náà.

Alaaji kò nà án. Ó mú un dání lọ sí ilé gbogbo ẹni tó ra kíbọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ní Marcory, títí dé Bingerville. Níbi tí wọ́n bá dé, bàbá á dúró láàárín pálọ̀ onílé, á wí pé: "Mo sọ fún yín pé kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Mo ṣìnà. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ àṣírí, nítorí kò mọ etí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò." Àwọn kan dá tiwọn padà. Àwọn kan ní àwọn ń lò ó bẹ́ẹ̀, àwọn ti mọ ìwà rẹ̀. Ojú ti Juwairiyyah débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú, àní àwọn tó rọra fún un ní omi mu pàápàá.

Anita kò padà sí iṣẹ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Gonzagueville. Monsieur François, Alaaji àti Juwairiyyah tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn ní omi, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn tán.

"Mo ti dárí jì yín," ni Anita wí, "láti ọjọ́ tí ẹ ti fi kíbọ́ọ̀dù yẹn bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n, Monsieur, bí ṣíbí kan bá tún sọnù ní ilé yín, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ wò?"

 Monsieur François, tó ti ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tẹ orí ba, ó ń wo igi tó fi ń rìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ohun tó bá wá bá yín láìwá a kò fi bẹ́ẹ̀ di tiyín. Ẹni tó bá jí ohun wò ní kọ̀rọ̀ lè rò pé òun nìkan ni òun ń fi sínú ewu. Aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ tó wà nítòsí ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bá. Ìjẹ́wọ́ Juwairiyyah gba Anita lọ́wọ́ kọmisáríà, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Kí ó ti fa etí kékeré yẹn yọ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ìbá sàn jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Juwairiyyah jókòó ṣe BEPC. Ó ka ìbéèrè kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó fi bírò kan ìwé, ó sì yege. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í lọ́jọ́ náà ló dáhùn. Ti Anita, ti ṣíbí yẹn, ni kò tíì rí ìdáhùn sí.